Ìyà tó jẹ ọmọ ní kékeré, àìsàn tó ń yọjú lágbà: ìbéèrè àwọn òbí ní Kétu àti ìdáhùn wọn

Nọ́ọ̀sì ni mí ní agbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá wọ̀n, àwọn bàbá tó ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn àti àwọn ọ̀gá tó ní ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ ló ń bi wá ní àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Mo kó wọn jọ nítorí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Púpọ̀ nínú àìsàn tí a ń fi oògùn lé kiri lára àgbàlagbà, inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin márùn-ún lọ.

Kí ni ẹ ń pè ní ìyà ìgbà èwe? Ṣé ọmọ tó bá ti pọn omi, tó ti ro oko, ó ti jìyà nìyẹn?

Rárá o. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ṣa kajú, tó gbálẹ̀ kó tó lọ síléèwé, iṣẹ́ ló ń kọ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí iṣẹ́ náà kò bá ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyà tí à ń sọ ni ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ, tàbí tó ń pa á tì, tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, tí kò sì sí ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. Kí wọ́n máa lù ú bí ẹni lu bàrà. Kí wọ́n máa sọ fún un pé kò wúlò, pé ì bá sàn ká ní wọn ò bí i. Kí ẹnikẹ́ni máa bá a ṣe ìṣekúṣe. Kí ebi máa pa á nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun. Kó ṣàìsàn, kí ẹnikẹ́ni má bojú wò ó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó yí i ká náà kàn án: bàbá tó ń lu ìyá lójú rẹ̀, òbí tí sódábì, ọtí líle yẹn, ti sọ di ẹrú, òbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀ tí kò sì rí ìtọ́jú, ẹni tó ń tọ́ ọ tí wọ́n wá mú lọ sẹ́wọ̀n, ìyá àti bàbá tó kọ ara wọn sílẹ̀ tí ọmọ kò mọ ibi tí òun yóò sùn lọ́la.

Àìní owó nìkan kò sí nínú ohun tí mo kà yìí. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń fi gàrí sùn tí ara àwọn ọmọ ibẹ̀ yá gágá, mo sì mọ ilé alájà méjì tí ọmọ ibẹ̀ kì í lè gbé ojú sókè. Òótọ́ ni pé àìní máa ń mú kí inú òbí tètè bí, ó sì ń mú kí wọ́n tètè fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dáàbò bo ọmọ, a ó ran òbí náà lọ́wọ́.

Ta ló sọ pé ìyà ìgbà èwe ń fa àìsàn lágbà?

Dókítà kan wà ní San Diego ní Amẹ́ríkà, Vincent Felitti lorúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ó ń tọ́jú àwọn tó sanra jù. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé àwọn tó ń fọn dáadáa gan-an ló ń sá kúrò nínú ìtọ́jú. Nígbà tó jókòó tì wọ́n tó ń bi wọ́n nípa ìgbésí ayé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé wọ́n ti bá àwọn ṣe ìṣekúṣe láti kékeré. Òun àti Robert Anda, dókítà ní CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, wá gba ìdáhùn ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó lé ní 17,000 láàárín 1995 sí 1997. Wọ́n tẹ àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 1998.

Àwọn tí wọ́n bi léèrè kì í ṣe aláìní. Ọ̀pọ̀ wọn ló kàwé, wọ́n sì ní ìwé ìtọ́jú ìlera. Síbẹ̀, ó ju ìdajì wọn lọ tó ní irú ìyà kan, ó kéré tán, nínú àwọn tí mo kà lókè. Àwọn tó ti rí oríṣi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wà lára wọn ní bí ìlọ́po méjì ju àwọn tí kò rí ọ̀kan lọ. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í tán sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn tó ti gbìyànjú láti pa ara wọn jẹ́ ìlọ́po 12. Bí ìyà ṣe ń pọ̀ sí i ni àìsàn ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí káàkiri ayé, ibì kan náà ni wọ́n sì ń já sí.

Báwo ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn ṣe lè di ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí?

Ká ní ejò yọ sí yín lójú ọ̀nà oko. Kí ẹ tó ronú rárá, ọpọlọ ti ránṣẹ́ sí ẹran kékeré méjì kan tó jókòó lórí kíndìnrín, wọ́n sì ti tú oje sínú ẹ̀jẹ̀. Adirẹnalíìnì ni wọ́n ń pe ọ̀kan, kọ́tísọ̀ọ̀lù ni wọ́n ń pe èkejì. Àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, súgà á tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sáré, ikùn á dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ rere ni ara ń ṣe yẹn. Ejò á lọ, ẹ ó mí kanlẹ̀, nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀ gbogbo rẹ̀ á padà sí ipò rẹ̀.

Ejò ti ọmọ mìíràn, inú ilé ló ń gbé, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìró alùpùpù bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ti tó kí oje yẹn tú jáde. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ara kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi mọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún pọ̀ ṣáá á le, súgà tó ń tú láìnídìí á da ara rú, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á ṣìṣe, ohun tó yẹ kó máa wú fún ọjọ́ díẹ̀ nìkan nígbà tí a bá fara pa á wá di ohun tí kò ní lọ mọ́ nínú ara.

Ọpọlọ náà ń gba tirẹ̀. Apá ibi tó ń pariwo ewu á máa pariwo láìnídìí, apá tó ń kó ìrántí pa mọ́ á rẹ̀yìn, apá iwájú tí a fi ń kó ara wa níjàánu kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Nígbà tí olùkọ́ bá ní ọmọ kan kì í gbọ́ràn, tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, tí ìwé kì í wọ̀ ọ́ lórí, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń bá nílé kí n tó gbà pé olórí kunkun ni.

Ọ̀nà kejì wà tí àìsàn ń gbà wọlé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ láti kékeré á wá ohun tí yóò fi tù ú: sìgá, sódábì, oúnjẹ àjẹjù, ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá ṣáà ti rẹ́rìn-ín sí i. A ń bú u pé aláṣejù ni. Lójú tirẹ̀, oògùn ló ń lò yẹn.

Wọ́n na èmi náà ní kékeré, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ ní ká má na ọmọ?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù, àwọn tó ń béèrè rẹ̀ sì fẹ́ràn ọmọ wọn tọkàntọkàn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n nà ló dàgbà tí ara wọn le. Ẹ wádìí wọn wò dáadáa: wọ́n ní ìyá àgbà kan tí wọ́n ń sá lọ bá, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó máa ń bá wọn bẹ̀bẹ̀, tó sì máa ń pè wọ́n jókòó lẹ́yìn náà. Àwọn tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti sá lọ sí Èkó tí a kò gbúròó wọn mọ́, tàbí tí ọtí ti pa, wọn kò sí níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ láti sọ tiwọn.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ wa lónìí, ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. A nà án lówùúrọ̀, a lọ sọ́jà, ilẹ̀ ṣú, a kò tíì pè é. Ọmọ náà sùn pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn.

Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé ọmọ tí wọ́n ń nà léraléra kì í gbọ́ràn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tó bá yá. Ó máa ń le sí i, ó máa ń lu àwọn ẹlòmíràn, ó sì máa ń purọ́ kó má baà jẹ̀gba. Òfin orílẹ̀-èdè wa náà ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Òfin ọmọdé tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2015-08, kò fàyè gba nína ọmọ, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe níléèwé.

Kí ni ká wá ṣe? Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ́kọ́ jáde síta, ẹ bọ́jú. Ẹ má bá ọmọ wí títí ohùn yín yóò fi rọlẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹ kò fẹ́ nìkan: «Gbé ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì» yé ọmọ ọdún mẹ́ta ju «Má fọ́ ife mi o» lọ. Bó bá da omi nù, òun ni yóò nù ún. Bó bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ẹ jọ lọ bẹ olúwarẹ̀. Ẹ gba ohun tó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu yín. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fọ gbogbo abọ́ ilé láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

Ọmọ ìkókó kò mọ nǹkan kan, àbí? Kó tó dàgbà, á ti gbàgbé.

Kò ní rántí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á rántí. Láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ìsopọ̀ tuntun tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ọmọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń gbọ́, tó ń rí, tí wọ́n ń ṣe sí i ló ń pinnu èyí tí yóò dúró nínú wọn.

Ní Bucharest, olú-ìlú Romania, àwọn onímọ̀ yẹ ọmọ 136 wò tí wọ́n ń tọ́ ní ilé àwọn ọmọ tí òbí wọn fi sílẹ̀. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, aṣọ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni kan pàtó tó jẹ́ tiwọn. Láti ọdún 2000 síwájú, wọ́n fa ìdajì wọn lé àwọn òbí alágbàtọ́ lọ́wọ́. Àwọn tó dé ọwọ́ òbí kí wọ́n tó pé ọdún méjì ṣe dáadáa gan-an ju àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ lọ, nínú ọ̀rọ̀ sísọ, nínú ìfẹ́ tí wọ́n lè ní sí ènìyàn, àní nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láti àtètèkọ́ṣe dára púpọ̀ níhìn-ín: pípọn ọmọ sẹ́yìn, fífọmú fún un nígbà tó bá sunkún, kíkì í nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, dídá a lóhùn bó bá ń ṣe gbúrú gbúrú. Kò náni ní kọ́bọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé fóònù ti ń gba ojú ìyá lọ. Mo ń rí i lórí àga níbi tí wọ́n ti ń dúró kí wọ́n wọn ọmọ: ọmọ ń wo ojú ìyá, ìyá ń wo fóònù, nígbà tó pẹ́, ọmọ á yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kùtọnú fẹ́ mú ọmọbìnrin mi lọ kó lè lọ síléèwé níbẹ̀. Ṣé ó burú?

Kì í ṣe ohun búburú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó di olùkọ́, tó di dókítà nílẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá ni wọ́n gbé kàwé. Ẹnìkan ní í bíni, igba ènìyàn ní í tọ́ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti yí. Ohun tí wọ́n ń pè ní vidomègon, ìyẹn ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, àti ní Àjàṣẹ́ náà, ti di pé alágbàtà á wá sí abúlé, á kó ọmọ, á fi wọ́n fún àwọn tí kò bá wọn tan rárá, owó á sì wọ àpò rẹ̀. Ọmọ á jí ṣáájú gbogbo ilé, yóò sùn lẹ́yìn gbogbo ilé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan, inú ní ń run ún. Wọ́n ti fún un ní oògùn aràn, wọ́n ti fún un ní agbo, kò gbọ́. Mo bi í pé nígbà wo gan-an ni inú náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹni tó mú un wá, ó dákẹ́. Mo ní kí ẹni náà lọ gba káàdì wá. Ọmọ náà wá sọ pé: «Tí wọ́n bá ti ń palẹ̀ ọjà mọ́ ni.» Àkókò yẹn ni ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń ka owó ẹ̀pà tó kiri. Bí owó bá dín, yóò kúnlẹ̀, yóò na apá sókè, títí gbogbo ilé yóò fi sùn. Kò sí aràn kankan nínú ikùn ọmọ yẹn.

Òfin 2006-04, ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2006, ló ń sọ̀rọ̀ lórí mímú ọmọ kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn àti lórí títa ọmọ. Ọmọ kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ láìgba ìwé, ẹni tó bá sì ń kó ọmọ tà ń lọ sẹ́wọ̀n ni.

Bí ẹ bá pinnu pé ọmọ á lọ, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú un débẹ̀. Ẹ wo ibi tí yóò máa sùn. Ẹ bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Ẹ jẹ́ kó mọ nọ́ńbà fóònù yín sórí, kẹ́ ẹ sì máa pè é nígbà tó bá dá wà, torí kò sí ọmọ tó lè sọ òótọ́ lórí fóònù tí wọ́n tan ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ lọ wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀. Kó wálé nígbà ọlidé. Bó bá wálé tó ní òun kò padà mọ́, ẹ má fi ipá gbé e sórí zémidjan, alùpùpù akérò. Ẹ jẹ́ kó wà nílé. Mo mọ̀ pé ojú ẹ̀gbọ́n máa ń tini, mo mọ̀ pé wọ́n á ní ẹ kò mọ oore. Ẹ fara da ìyẹn.

Àmì wo ni mo lè rí lára ọmọ tí nǹkan ń ṣe?

Ẹ máa wo ohun tó yí padà. Ọmọ tó ti dáwọ́ títọ̀ sílé dúró tó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́. Èyí tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan pàtó. Èyí tó ń ṣe eré ìbálòpọ̀ tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Èyí tó ń jí oúnjẹ pa mọ́. Èyí tí orí tàbí inú ń fọ́ ṣáá láìsí ibà. Mo máa ń na ọwọ́ sí iwájú orí ọmọ láti wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ tó bá yára fi apá bo ojú, mo ti rí ohun tí mò ń wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó ń tọ̀ sílé kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Síso ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, jíjẹ́ kó ru ẹní káàkiri àdúgbò kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọrin lé e, gbogbo rẹ̀ ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù ni, ìtọ̀ náà á sì máa pọ̀ sí i.

Ṣé ọmọ tó ti jìyà, ayé rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955 láti inú oyún títí wọ́n fi di àgbà. Àwọn kan nínú wọn ni ìyà dì mọ́ lára láti ìbẹ̀rẹ̀: àìní, ìjà ilé, òbí tó ń mutí. Síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ìyà dì mọ́ yìí dàgbà di ènìyàn gidi, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó mọ ìfẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí ìdí rẹ̀, lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ yẹn ní ẹnì kan, ó kéré tán, tó dúró tì wọ́n. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, olùkọ́, aládùúgbò.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti rí nìyí: ẹ̀rù tó ba ọmọ nígbà tó dá wà ló ń wọ inú ara rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá wà tí yóò mú un mọ́ra, ara rẹ̀ á rọlẹ̀, oje yẹn á lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú ìjà, nínú ọ̀fọ̀, nínú ìyàn. Nítorí náà, kò di dandan kí ẹ jẹ́ ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè gba ọmọ kan là ní àgbàlá yín. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ máa béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yín kì í tì mọ́ òun.

Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò pọ̀ ńkọ́?

Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó lè dènà kòkòrò HIV wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọnú ara kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ń dára tó. Oògùn tó ń dènà oyún náà wà fún ọmọbìnrin tó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ewúrẹ́ àti ọtí parí rẹ̀ nínú ẹbí. Mo mọ bó ṣe ń rí: ẹni tó ṣe é jẹ́ àbúrò ọkọ, àwọn àgbà pé jọ, wọ́n ní kí a má tú àṣírí ilé. Ọmọ náà sì ń wo gbogbo yín. Ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn nípa ìwọ̀n tí òun wọ̀n lójú ẹbí rẹ̀, yóò gbé e dé ilé ọkọ.

Ọkọ mi ń lù mí, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan àwọn ọmọ. Ṣé ó kàn wọ́n?

Ó kàn wọ́n. Ọmọ tó wà nínú yàrá kejì tó ń gbọ́, ara rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà tí mo sọ nípa ejò. Ẹ kò lẹ́bi kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá ìrànlọ́wọ́ fún ara yín, kò sí ohun tó ju ìyẹn lọ tí ẹ lè ṣe fún wọn.

Àgbàlagbà ni mí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà yín wò, kódà bí ẹ kò bá tíì pé ogójì ọdún. Bó bá jẹ́ sódábì tàbí sìgá lẹ fi ń sùn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú; ẹ jẹ́ kó mọ ìdí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Oorun, ìrìn lójoojúmọ́, ẹgbẹ́ tí ẹ jọ ń dá èésú, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti mọ̀ yín, gbogbo rẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́. Bí àlá búburú tàbí ìdoríkodò bá ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ yín, àwọn oníṣègùn ọpọlọ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí ìyà àtijọ́ kò ní máa jọba lé e mọ́. Kì í ṣe ìtọ́jú wèrè.

Bàbá kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í wálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi lọ́jọ́ kan bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe fi sípánà là á lórí. Ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́, ó wá ní: «Mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí.» Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé báyìí. Tẹ́lẹ̀, kì í rántí gbà á.

Kí ni ìlú lápapọ̀ lè ṣe?

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn kó ọ̀nà méje jọ tí wọ́n pè ní INSPIRE: kí òfin ṣiṣẹ́, kí àṣà tó ń fàyè gba ìkà yí padà, kí àyíká má léwu, kí òbí rí ìrànlọ́wọ́, kí owó wọlé fún ìdílé, kí ìtọ́jú wà, kí ọmọ lọ síléèwé kó sì kọ́ bí a ṣe ń gbé láàárín ènìyàn. Èmi ò ní fi gbogbo wọn yọ yín lẹ́nu. Èyí tó ṣe mí láàánú jù ní Kétu ni ti àwọn ọmọ-ìkọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, ti mẹkáníìkì, ti onígerun wà, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n lágbára. Bí ẹgbẹ́ bá sọ pé ọ̀gá tó bá lu ọmọ ní ìlù ìkà á san owó ìtanràn, tí wọ́n sì gbà á lóòótọ́, ó yá ju ìwé òfin lọ.

A sì ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kétu ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀ wá, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì ti kà á mọ́ ogún àṣà aráyé ní 2001. Òru ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi orin bá ọba, ìjòyè àti ará ìlú wí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, tí gbogbo ènìyàn á sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìyá tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú, ọ̀gá tó ń fi irin lu ọmọ-ìkọ́ṣẹ́, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ara wọn nínú orin yẹn.

Ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ bí mo bá mọ ọmọ tó wà nínú ewu?

Ẹ pe 138 lórí fóònù. Ìlà àwọn ọmọdé ni ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè pè é. Ẹ lè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran ìdílé lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti di GUPS báyìí, tàbí àwọn ọlọ́pàá, tàbí kẹ́ ẹ wá bá wa nílé ìwòsàn.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má ṣe pe ọmọ náà jókòó láàárín èrò kí ẹ máa bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹnì kan ni kó gbọ́ ọ, ẹni tí ọmọ náà fọkàn tán. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kò jẹ̀bi. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹ ó sọ. Ẹ kọ ohun tó wí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kẹ́ ẹ sì mú ìwé yẹn dání lọ. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kọ, ẹ wá, a ó bá yín kọ ọ́.